Ọmọ Odó Kẹta

Tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan máa ń wo ẹnu mi bíi pé irọ́ ni mo ń pa. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi, mi ò sì gbọ́ ọ nídìí ẹmu. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní bàfù níbẹ̀, oòrùn ń ràn, mi ò mu ju omi lọ, nígbà tí orin tí mo fọwọ́ ara mi ṣe la odó sí méjì ní Ìta-Ìjẹ̀bú. Ògbólógbòó odó tí àwọn obìnrin ti fi ń gún ẹyìn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Orin ló là á. Orin tèmi.

Ta lẹ tún mọ̀ tó ṣe irú ẹ̀ rí?

Èjìgbò nilé mi, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé àwa kì í jókòó sójú kan. Àbíjàn ni àwọn ará ilé wa ń lọ, bàbá ń lọ, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Èmi ní kí n má lọ síbi tí gbogbo èèyàn ń lọ. Ṣakẹ́tẹ́ ni mo yà sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa kò ní lè sọ pé òun ló mú mi mọ̀nà.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, mi ò sì tijú rẹ̀. Ẹ da ohùn ogún èèyàn pọ̀ kí ẹ fún mi, màá ṣa wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nílé, mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì fáwọn èèyàn. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, sídì dé. Sídì lọ, wọ́n ní kí n máa gbà á sínú fóònù. Nígbà tó yá, fóònù gba gbogbo iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, kálukú ń wa orin fúnra rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi sábíyá, mo jáde. Bí mo ṣe rìn ín kò ṣe pàtàkì. Mo dé ibẹ̀, ó parí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé mo gbọ́ èdè wọn. Mo ti múra pé ọwọ́ ni n ó máa fi sọ̀rọ̀ bí odi. Àfi bí obìnrin arúgbó kan ṣe wo ẹrù mi nídìí ọkọ̀, tó ní, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú àárẹ̀," tí ohùn rẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bíi ti ìyá tó bí ìyá mi, tí a ti sin tipẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tí mo sì la ẹnu tèmi láti dáhùn, àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára. Tí o bá wà níbi tí wọn ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ, o mọ̀ pé àlejò ni ọ́, ọkàn rẹ á sì balẹ̀ sínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, kí orúkọ bàbá wọn àti ti bàbá rẹ jọra, síbẹ̀ kí wọ́n tún máa bi ọ́ pé, "Ìgbà wo lẹ ń padà sílé?", ìyẹn ló máa ń dá mi jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè mí ní Tọ́ntọ́n Nàìjíríà. Tọ́ntọ́n ni wọ́n ń fi èdè Faransé pe ẹni tó jẹ́ bí àbúrò bàbá sí wọn. Ọ̀wọ̀ wà nínú Tọ́ntọ́n. Nàìjíríà ni wọ́n fi so mí mọ́ ẹnubodè.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ṣakẹ́tẹ́, mo jẹ́ aládùúgbò obìnrin tó ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò. Mo fi ẹní àti àpótí ẹyin bo ògiri kí ariwo má baà wọlé, mo gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, mo ní sítúdíò nìyí. Bíìtì ni mò ń ṣe. Bíìtì ni ìlù tí àwọn ọmọ hípọ́ọ̀pù ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo tún ń ṣe rímíìsì. Rímíìsì dà bí ìgbà tí èèyàn tú aṣọ ìyá ìyàwó, tó tún un rán fún ọmọ tó ń lọ síléèwé. Òwú àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti yí padà, apá rẹ̀ ti yí padà, ọmọ náà sì lè fi sáré. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á gé e tán kó tó rí i pé aṣọ náà ti kéré. Èmi kì í gé e kúrú.

Wọn ò gbà mí gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọkùnrin tórí rẹ̀ ti ń funfun ni yóò ṣe hípọ́ọ̀pù? Nígbà tó yá, ọlọ́kadà kan, sémíjàn tí wọ́n ń pè wọ́n, kọjá níwájú mi, tó so rédíò mọ́ ọkàdà rẹ̀, bíìtì mi ló ń dún níbẹ̀. Mo dìde lórí àga. Mo sáré tẹ̀ lé e dé oríta, mo ń fọwọ́ lu àyà pé, "Èmi nìyẹn, èmi nìyẹn." Ó rò pé mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ni. Ó dúró, ó bi mí pé níbo. Mo gùn ún, ó gbé mi yí ọjà po, mo ń gbọ́ ara mi.

Mo máa ń pe ilé. Màámi á gba fóònù, á kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun, lẹ́yìn náà á ní kí n sọ ohun tuntun.

"Màámi, gbogbo Ṣakẹ́tẹ́ ló ń jó sí ìlù mi."

"Gbogbo Ṣakẹ́tẹ́? Títí kan àwọn aláìsàn?"

"Àwọn náà ń mi orí."

"Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè mí nídìí odó. Jẹun o."

Bí ayé mi ṣe rí nìyẹn nígbà tí Rọ́lándì wọlé. Rọ́lándì ni ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ tó mọ rápù jù lọ nínú àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ó ń po Faransé pọ̀ mọ́ Ànàgó, ìyẹn Yorùbá tiwọn níbẹ̀. Ó ní ilé rédíò kan ní ìlú Pọ́bẹ̀ nítòsí ń wá orin tí wọn yóò máa fi ṣí ètò àárọ̀, wọn ò fẹ́ ti Èkó, wọn ò fẹ́ ti Páríìsì, ti agbègbè ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́.

"Tọ́ntọ́n, tí wọ́n bá gba tiwa, kò sí ẹni tí yóò tún máa bi yín ìgbà tí ẹ ń padà sílé."

Ọmọ náà mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ mí. Mo ní, "Ohùn ta la máa lò?"

Ó ní ohùn ìyá rẹ̀ àgbà, Ìyá Àdùkẹ́, ní Ìta-Ìjẹ̀bú lẹ́bàá Ṣakẹ́tẹ́, ẹni tó ń lé orin fáwọn obìnrin tó ń ṣe epo pupa. A lọ. A bá wọn nídìí ẹyìn tí wọ́n sè, èéfín ń yọ, obìnrin mẹ́ta yí odó kan ká, kálukú pẹ̀lú ọmọ odó tirẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́ wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọkùnrin tó tó báyìí, orin ló ń ṣe? Oko rẹ dà?"

"Ìyá, inú ẹ̀rọ yìí loko mi wà."

"Kí lo wá ń kórè níbẹ̀ tó o fi gbẹ báyìí?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo ti ń tan máíkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹyìn, Ìyá Àdùkẹ́ sì lé orin: "Ta ló ní kí n má gún un?" Àwọn yòókù gbè é: "Gún un, gún un." "Epo ń bẹ nínú rẹ̀." "Gún un, gún un." Ẹ̀yin èèyàn, irun ara mi dìde. Mo ti ń gbọ́ orin láti kékeré, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí a gbà á sílẹ̀ tán, Ìyá Àdùkẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀.

"Gbọ́, ọmọ Nàìjíríà. Orin yìí kì í ṣe ti ijó. Iṣẹ́ la fi ń ṣe. Lọ ṣe ohun tó o fẹ́ fi ṣe, kó o gbé e padà wá. A ó gún ẹyìn sí i. Tí iṣẹ́ bá lọ, máa gbé e lọ sí Pọ́bẹ̀. Tí iṣẹ́ ò bá lọ, wàá pa á rẹ́ lójú mi."

Mo ní, "Ìyá, tí iṣẹ́ ò bá lọ, kí ẹ fi mí gún."

Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo yọ ohùn wọn kúrò nínú ariwo iná àti ti adìyẹ. Mo gbé ohùn ìlù tó jinlẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tó máa ń mi àwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gé ègbè wọn, mo fi ṣe òpó, Rọ́lándì sì sọ rápù tirẹ̀ wọ àárín. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu: ohùn ọmọ odó kẹta. Kò bọ́ sójú ìlà. Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà wà tó pín orin sí ọgbọọgba, ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan yẹ kó bọ́ sí hàn gbangba. Ti àkọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀, ti ìkejì bọ́ síbẹ̀, ti ìkẹta ń pẹ́ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo ní àgbà ti dé sí obìnrin yìí lọ́wọ́. Bọ́tìnnì kan wà tó ń fa gbogbo ohùn bọ́ sójú ìlà. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ tò gbọọrọ bí àwọn ọmọ ológun. Ó dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Obìnrin oníbẹntiróòlù jó títí ìgò kan fi dà nù.

Mo pe Màámi pé kó sọ fún gbogbo àdúgbò pé rédíò ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ gbé orin mi. Ó ní òun ti sọ fún wọn láti ọjọ́ yẹn, pé èmi ni mo pẹ́. Rọ́lándì náà ti lọ sọ fún wọn ní Pọ́bẹ̀ pé kí wọ́n máa retí wa lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

A gbé bàfù àti kọ̀ǹpútà lọ sí Ìta-Ìjẹ̀bú. Èèyàn pé jọ, àwọn ọkùnrin pàápàá fi oko sílẹ̀ wá wòran. Mo tan án. Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọdé ń fò. Ìyá Àdùkẹ́ gbé ọmọ odó rẹ̀ sókè, àwọn méjì yòókù gbé tiwọn, wọ́n wọ inú ìlù náà. Gbì. Gbì. Àfi kàù. Ọmọ odó méjì pàdé ara wọn nínú odó. Wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì, kàù. Ìkẹta wọn ní, "Kí ló ń lé mi?" Wọ́n tún gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ti Ìyá Àdùkẹ́ ò tíì jáde tí ti ìkẹta fi dé, ó ta lára rẹ̀, ó sì balẹ̀ sẹ́nu odó pẹ̀lú gbogbo agbára obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gún ẹyìn. Odó náà ké. Mo rí ìlà kan tó sáré látẹnu dé ìdí. Ó là sí méjì, ẹyìn gbígbóná dà sílẹ̀, gbogbo èèyàn fò sẹ́yìn.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn.

Ìyá Àdùkẹ́ ní, "Pa á rẹ́."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ohùn wa tó wà nínú rẹ̀ náà. Gbogbo rẹ̀."

Mo pa á rẹ́. Ìyá náà kò mọ̀wé, àmọ́ ó gbọ́n ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ó ní kí Rọ́lándì tan bàfù wò, kí òun gbọ́ pé kò sóhun tó ń dún mọ́. Bàfù náà dákẹ́ bí òkú. Ó wá kọjú sí mi.

"Ọjọ́ tó o bá mọ ohun tó ṣe odó yẹn, kó o padà wá."

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni Rọ́lándì ní, "Tọ́ntọ́n, ẹ ti pa mí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn ní Pọ́bẹ̀?" Mo ní kó má sọ nǹkan kan, pé ẹni bíi tèmi kì í ṣubú kó má dìde. Ẹnu mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi ń sọ pé kí n di ẹrù mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo pe ilé, mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Mọrẹ́nikẹ́, ló gbé e.

"Dúró, iyán là ń gún lọ́wọ́. Má pa á o."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ sórí nǹkan kan, wọ́n sì ń gún iyán wọn lọ. Mo dúró, mo ń gbọ́. Gbì, ti Màámi. Gbì, ti ẹ̀gbọ́n mi. Àlàfo. Gbì. Gbì. Àlàfo. Inú agboolé wa ni mo wà pátápátá, mo ń gbóòórùn iṣu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún mi ń lu itan mi. Inú àlàfo yẹn ló ń bọ́ sí.

Àyè mi ni. Àwa mẹ́ta la jọ máa ń gúnyán nílé wa, èmi ni ọmọ odó kẹta láti ìgbà tí mo ti lè gbé e. Mo tún fetí sí ọwọ́ mi. Kò bọ́ sáàárín àlàfo náà gan-an. Ó ń pẹ́. Ní gbogbo ìgbà, ó ń pẹ́ díẹ̀. Mo sì gbọ́ ohùn Màámi bó ṣe máa ń wí nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo ń kánjú: "Jẹ́ kí tèmi jáde ná."

Ohun tó ṣe odó nìyẹn. Ẹni kẹta gbọ́dọ̀ dúró kí ti ẹni àkọ́kọ́ jáde nínú odó kó tó sọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìlà kọ̀ǹpútà ò ní odó, kò mọ̀ pé ọmọ odó máa ń gbàyè.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sórí fóònù. Mo bi í pé, "Ta ló ń gún ìkẹta?"

"Ìkẹta wo? Èmi àti Màámi ni."

"Ẹ̀ ń fi àyè sílẹ̀."

Ó ní, "Bí a ṣe máa ń gún un náà nìyẹn. Ọwọ́ wa ò mọ òmíràn."

Mo ti wà nílẹ̀ òkèèrè, mo rò pé n kò sí nílé. Mo sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, wọ́n ń gba tèmi láyè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo ti wà lẹ́yìn sémíjàn, odó tuntun tí mo lọ rà ní Pọ́bẹ̀ wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo dì í mọ́ra bí ìyàwó. Gbogbo ojú ọ̀nà ni wọ́n ń pariwo pé ẹni yìí ń gbé odó lọ sílé àna. Nígbà tí mo dé Ìta-Ìjẹ̀bú, Rọ́lándì tí mo ti pè ti gbé máíkì dúró dè mí, ṣùgbọ́n mi ò ṣàlàyé. Mo gbé odó kalẹ̀, mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹni kẹta, mo dúró síbi tó máa ń dúró.

"Ọkùnrin fẹ́ gún ẹyìn," ẹnì kan wí. "Ẹ wá wò ó."

Ìyá Àdùkẹ́ da ẹyìn sínú odó tuntun náà. Ó gbé tirẹ̀. Gbì. Gbì. Mo dúró kí tirẹ̀ jáde. Gbì. Ó tún wò mí, ó yára sí i, ó ń dán mi wò. Mo bá a. Epo ń ta sí mi láṣọ, òógùn bò mí lójú, apá mi ń kígbe, mo bá a. Nígbà náà ló wá lé orin.

Mo pariwo sí Rọ́lándì pé kó tan máíkì.

Èyí tí Ìyá Àdùkẹ́ ní kí a máa gbé lọ sí Pọ́bẹ̀ nìyẹn. Mi ò tẹ bọ́tìnnì kankan. Ìlù tèmi ni mo fà kó máa tẹ̀ lé ọmọ odó wọn, ohùn tó jinlẹ̀ yẹn ń dúró kí ti àkọ́kọ́ jáde. Ọkùnrin ilé rédíò gbọ́ ọ, ó yọ ohun tó fi bo etí, ó tún fi í sétí. Ó ní, "Kí ni èyí tó ń pẹ́ tó sì dùn báyìí?" Mo ní, "Èmi ni." Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e, mo wà lójú ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́, mo ń gbọ́ ọ láti ilé kan sí òmíràn. Ìyá Àdùkẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ti gún ẹyìn sí i nídìí rédíò, iṣẹ́ lọ. Ó ní oko mi ti so.

Mo fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo pè wọ́n lọ́sàn-án, mo mọ̀ pé wọn yóò máa gúnyán. Ó gbé fóònù sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Gbì. Gbì. Gbì.

Mo ní, "Ta nìyẹn?"

"Bọ́lá ni." Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Bọ́lá. "Orin rẹ ni mo fi kọ́ ọ. Mo ní kó máa tẹ̀ lé èyí tó ń pẹ́. Kíá ló mọ̀ ọ́n. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń dún?"

Mo gbọ́ ọ. Ó ń dúró kí ti Màámi jáde. Ó mọ̀ ọ́n gún ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Ó dáa," mo wí. "Ẹ kí i fún mi."

Tí ẹ bá bi mí ohun tí mo rí gbà, ẹ tan rédíò yín. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi nìyí. Odó kan, ní Ìta-Ìjẹ̀bú. Rímíìsì kan, àti gbogbo ohùn tó wà nínú rẹ̀. Àyè kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó ìyá mi.